Ọ̀rọ̀ sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ alátakò ní Dublin: ṣé ariwo lásán ni, àbí ó lọ́wọ́ nínú òfin tí ọmọ mi fi gba ìwé?

Bàbá Tèmídayọ̀ (Blanchardstown):

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ireland àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òfin.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni mo gúnlẹ̀ sí Dublin pẹ̀lú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo sì rí iṣẹ́ ní 2018, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa, tí a bí sí Ìbàdàn, wá bá mi. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni a bí ọmọkùnrin wa. Òfin sọ pé òbí tí kì í ṣe ọmọ Ireland tàbí ọmọ Britain gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ṣáájú ìbí ọmọ, kí ọmọ náà tó lè jẹ́ ọmọ onílùú láti inú ìkókó. Èmi ti ka ọdún lórí ìka, ó sì ti lé ní mẹ́ta. Àfi ìgbà tí mo tẹ́ ìwé mi síwájú òṣìṣẹ́ kan tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì, tó fi bírò tọ́ka sí òǹtẹ̀ méjì nínú pásípọ́ọ̀tì mi, tó ní ọjọ́ tí èèyàn fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ inú ìṣirò. Ohun tó ṣẹ́ kù fún mi kò tó ọdún méjì. Mo kó fáìlì mi, mo sì padà sílé.

Nígbà tó di ìparí oṣù keje ọdún 2023, òfin yí padà. Ọmọ tí a bí síbí tí kò jẹ́ ọmọ onílùú láti ìbí lè béèrè fún ìwé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta dípò márùn-ún. A san €175 fún ìbéèrè, a san €200 nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, ìwé ẹ̀rí ọmọ náà sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí.

Ìbéèrè mi ni èyí. Láìpẹ́ yìí ni mo ń ka àkọsílẹ̀ ìjíròrò ilé aṣòfin wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Sẹ́nétọ̀ Ivana Bacik ti ẹgbẹ́ Labour, tó wà ní ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà, gbé àbá òfin kan wá sí Seanad, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an, ọdún mẹ́ta kan náà ló sì kọ sínú rẹ̀. Ìjọba lòdì sí i. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba fi ọdún mẹ́ta sínú òfin tirẹ̀. Mo sọ èyí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, àgbàlagbà kan sì rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, pé ariwo ọjà ni gbogbo ohun tí sẹ́nétọ̀ alátakò ń sọ. Ṣé òótọ́ ló sọ? Bí ó bá jẹ́ ariwo lásán, kí ló dé tí ohun tó sọ fi wá jọ ohun tí wọ́n ṣe?

Akọ̀wé Amòfin (Phibsborough):

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú oríire ìwé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé náà gan-an, nítorí bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe kó o jọ, ojú sẹ́nétọ̀ Àbújá ni a ó máa fi wo sẹ́nétọ̀ Dublin, àwọn méjèèjì kò sì jọra rárá.

Ọgọ́ta ni ìjókòó tó wà nínú Seanad. Àwọn kańsílọ̀ àti àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń dìbò yan 43, àwọn tó gboyè ní yunifásítì ló ń yan 6, Taoiseach, ìyẹn olórí ìjọba, sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú 11. Nítorí mọ́kànlá yìí, ìjọba kì í sábà pàdánù ìbò níbẹ̀. Agbára ilé náà kò sì tó nǹkan: bí Dáil, ilé aṣojú, bá ti fọwọ́ sí àbá òfin kan, 90 ọjọ́ ni Seanad lè fi dá a dúró, bó bá sì jẹ́ ti owó ìlú, ọjọ́ 21 péré ni wọ́n ní, àmọ̀ràn nìkan ni wọ́n sì lè gbà wọ́n. Ní 2013, ìjọba tilẹ̀ pe ará ìlú síta láti dìbò pa ilé náà rẹ́ pátápátá, 51.7% nínú wọn ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìbéèrè yín má ní ibi tí yóò dúró sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ni Bacik ní Trinity College nígbà náà, àwọn tó gboyè níbẹ̀ ló sì rán an lọ sí Seanad láti 2007 títí di 2021 tó fi wọ Dáil. Ẹ má ka gbogbo ọdún mẹ́rìnlá yẹn sí ti alátakò o, nítorí ẹgbẹ́ Labour wà nínú ìjọba láti 2011 sí 2016. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ti oṣù kọkànlá 2018 jẹ́ ti alátakò lóòótọ́, ìgbà náà sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí Fine Gael tó ń ṣe ìjọba kò ní iye tó tó láti dá dúró, Fianna Fáil ló ń gbé e ró láti ìta. Ìdí nìyí tí àbá Bacik fi lè kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì bí ìjọba tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ju pé ilé gba kókó ọ̀rọ̀ wọlé. Ó ku ìpele ìgbìmọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú àbá palẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan. Ó tún ku ìpele ìjábọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ní láti gba ọwọ́ Dáil kọjá. Wákàtí tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún àbá alátakò láàárín ọ̀sẹ̀ kéré jọjọ. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tú Dáil ká fún ìdìbò, àbá náà kò sì di òfin.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni ojú ọ̀nà tó gbà wọlé. Àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ tí ará ìlú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2004 sọ pé ẹni tí a bí sí erékùṣù Ireland láìní òbí kan tó jẹ́ ọmọ Ireland kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ọmọ onílùú, àfi bí òfin bá pèsè fún un. Ọ̀rọ̀ "àfi" yẹn ni ilẹ̀kùn. Àbá náà kò béèrè fún ìbò tuntun, kò sì fọwọ́ kan òfin ìpìlẹ̀. Ohun tó ní kí àwọn aṣòfin ṣe ni kí wọ́n lo àyè tí ará ìlú fúnra wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá dìde láti tako o kò lè kàn sọ pé ìlú ti dìbò kó sì jókòó. Yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí kò fi fẹ́ lo àyè náà, àwọn akọ̀wé ilé yóò sì kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ níwájú. Mínísítà ní ẹ̀tọ́ láti jókòó kó sì sọ̀rọ̀ ní ilé méjèèjì, nítorí náà, bí sẹ́nétọ̀ kan bá ti gbé àbá kalẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ rán ẹnìkan wá dáhùn. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ sẹ́nétọ̀ alátakò: kó fi dandan mú ìjọba sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu.

Màmá Drogheda:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ohun tí ẹ kọ, ó sì yé mi yékéyéké. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

Mo ti wà níbí ní oṣù kìíní ọdún 2003 nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba lè lé òbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ Ireland kúrò ní ìlú. Kó tó di ìgbà náà, ẹjọ́ ọdún 1990 kan ni gbogbo wa fi ẹ̀yìn tì, èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá sì jẹ́ ọmọ Morocco, tí àwọn amòfin wọn ṣì ń fi orúkọ ìdílé Yorùbá pè títí di òní. Ẹjọ́ yẹn ló ní ọmọ tó jẹ́ ọmọ Ireland ní ẹ̀tọ́ sí kí àwọn òbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ògiri náà wó lẹ́yìn wa.

Lẹ́yìn èyí ni ìbò 2004 dé. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn kò rí àwọn páálí tí wọ́n so mọ́ òpó iná. Àwọn aṣòfin alátakò sọ̀rọ̀ nígbà náà pẹ̀lú: Labour lòdì sí i, Green lòdì sí i, Sinn Féin lòdì sí i. Bacik tí ẹ ń wí yìí kò tíì di sẹ́nétọ̀, àmọ́ ó ń du ìjókòó ní ilé aṣòfin Europe fún Labour ní Dublin lọ́jọ́ ìbò náà gan-an, kò sì wọlé. Fine Gael, tó pe ara rẹ̀ ní alátakò ńlá, bá ìjọba lọ ní tirẹ̀. Àwọn ará ìlú tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ 79%. Aládùúgbò mi kan, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó máa ń bá mi mú ọmọ mi lọ sí ilé ìwé bí iṣẹ́ alẹ́ bá pa mí, wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí èsì jáde. Ó kí mi, ilẹ̀ ló ń wò. Mi ò bi í léèrè ohun tó ṣe nínú àgọ́ ìbò, òun náà kò sì sọ.

Ohun tó gbà wá ni ètò tí ìjọba là sílẹ̀ láti àárín oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹta ọdún 2005 fún àwa tí ọmọ wa ti jẹ́ ọmọ Ireland kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 16,000 òbí tó rí ìwé gbà. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ pọ̀n káàkiri Dublin, tí wọ́n ń dúró síwájú ilé aṣòfin nínú òjò, àti àwọn ọmọ Ireland tó dúró tì wọ́n, àwọn ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ti 2018 ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà ní Bray, tí a bí sí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n fẹ́ lé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ọmọ náà kò dé rí. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló figbe ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, gbogbo ìlú gbọ́. Ẹ̀yìn ariwo yẹn ni sẹ́nétọ̀ gbé àbá wá. Mi ò ní kò dáa. Mo ní kí ẹ má pe ẹni tó gbè orin ní ẹni tó dá a. Kí ẹ sì bá mi ṣírò ọdún márùn-ún tó wà láàárín 2018 àti 2023. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dídùn yẹn lè ti pé méjìdínlógún kí òfin tó yí padà. Tí kò bá rí ọ̀nà mìíràn gbà, owó àjèjì ni yunifásítì ń bi í.

Bàbá Tèmídayọ̀:

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹjọ́ 1990 ní orúkọ Yorùbá lórí. Kí ni ẹ̀yin yòókù rí sí i?

Olùkọ́ Galway:

Mo kí Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mi ò ní jiyàn lórí ohun tí ojú yín rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ohun mìíràn kún un.

Ní ọdún 2018 kan náà, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Galway wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Kildare Street, a sì dé ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ìkòkò amọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ní a kò lè wọ yàrá náà, pé àwọn sẹ́nétọ̀ ló ń lò ó. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni: wọ́n ń tún Leinster House tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ti kó Seanad wá sí yàrá ìkòkò láti 2017. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jíròrò lórí àwọn ọmọ wa ní oṣù kọkànlá yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé ṣé wọ́n ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Mi ò dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka àkọsílẹ̀ wọn, mo sì rí i pé ti 2018 kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí Bacik. Ẹ wo ọ̀rọ̀ dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, tí ó kan àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá ju bí a ṣe fẹ́ máa sọ ọ́ ní gbangba lọ. Ní 2010, nígbà tí Labour wà ní ẹgbẹ́ alátakò, ó gbé àbá òfin kan wá sí Seanad láti fòfin de é. Ìjọba kò gba tirẹ̀ wọlé kí wọ́n lò ó bó ṣe wà, àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìjọba kan náà gbé àbá tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì di òfin ní oṣù kẹrin 2012. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tó bá mú ọmọbìnrin kúrò ní Ireland lọ sí ibòmíràn láti dá abẹ́ fún un ti ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 14. Mo mọ ìyá kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè láti ilé lóṣooṣù pé kí ó gbé ọmọ wá kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní ọjọ́ tí òun lè sọ lórí fóònù pé "Màmá, ẹ̀wọ̀n ni o, wọ́n á mú mi ní pápákọ̀ òfuurufú" ni ọ̀rọ̀ náà tán. Kò ní láti bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn mọ́.

Àbá kan tilẹ̀ wà tó gba gbogbo ọ̀nà kọjá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí: èyí tó gbé wá ní 2016, tó di òfin ní 2017 nígbà tó wà ní alátakò, tó fún àwọn òṣèré tó ń ya ohùn fún ìpolówó, àwọn olórin tó ń bá ni lu ìlù sínú àwo àti àwọn akọ̀ròyìn tí kò ní ọ̀gá kan pàtó láyè láti jọ dúnàádúrà owó iṣẹ́ wọn. Kó tó di ìgbà náà, àjọ tó ń bójú tó ìdíje láàárín oníṣòwò ti wò wọ́n bí ọlọ́jà tó panu pọ̀ láti gbówó lé ọjà. Ẹ wò ó bí èyí ṣe yàtọ̀ sí ti ìwé ọmọ onílùú: kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ kan. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí òfin ìpìlẹ̀ wọn sọ pé Dáil kò lè fọwọ́ sí àbá tó máa ná owó ìlú láìjẹ́ pé ìjọba fi ìwé ránṣẹ́ pé òun gbà á. Ọ̀pọ̀ àbá alátakò ló kú sórí ìwé tí kò dé yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò tako wọn.

Àwọn mìíràn ti jókòó sórí àga yẹn rí. Mary Robinson, tí àwọn ará Trinity náà rán lọ, gbé àbá lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí wá ní 1971, Seanad kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣe òfin tirẹ̀.

Màmá, ariwo àwọn ọmọ kíláàsì Bray ló gba ọmọ yẹn sílẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ọmọ kan ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò lè sọ iye ọdún tó yẹ kí ọmọ mìíràn ti lò, tàbí bóyá ọdún tí ìyá rẹ̀ fi ń dúró de èsì ibi ìsádi yóò kà, tàbí ẹni tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó kọ ìyẹn ní abala abala. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ kan ń ṣe, kó fi ọ̀rọ̀ gígùn ti kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì sílẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti ń kí ara wọn, kó sì lọ ka ìpele ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i tí wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bóyá "lè" ni àbí "gbọ́dọ̀".

Akọ̀wé Amòfin:

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe nínú ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, nítorí kò yẹ kí a fi adé tí kì í ṣe tirẹ̀ dé ẹnikẹ́ni lórí.

Ọdún mẹ́ta tó wà nínú àbá Bacik àti nínú òfin 2023 kò tó láti fi hàn pé ọ̀kan bí èkejì. Ọdún mẹ́ta náà ti wà nínú òfin 2004, níbi tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó bá ń wá iye tí yóò fi sínú òfin ọmọ yóò kọ́kọ́ wo iye tó ti wà nílẹ̀. Èkejì ni pé abala kan péré ni èyí jẹ́ nínú òfin 2023, òfin ńlá kan tí wọ́n kó oríṣiríṣi nǹkan sí, láti orí ilé ẹjọ́ títí dé orí ìwé ọmọ onílùú. Ohun tó béèrè ni kí ọmọ ti gbé ibí fún ọdún kan gbáko ṣáájú ìbéèrè, kó sì ti lo ọdún méjì mìíràn nínú mẹ́jọ tó ṣáájú ọdún yẹn. Ọwọ́ Mínísítà ni àṣẹ ṣì wà láti fún un tàbí láti má fún un. Bacik fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Seanad nígbà náà, Dáil ló wà, ó sì ti di olórí ẹgbẹ́ Labour láti oṣù kẹta 2022.

Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àbá 2018 ṣe kò tóbi tó bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́, kò sì kéré tó bí Màmá ṣe rò. Láti ọdún 2004 ni ìjọba kan tẹ̀ lé òmíràn ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Nígbà tí ilé aṣòfin kan dìbò, lójú Mínísítà, pé kò tíì parí, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì náà lẹ́yìn ìgbà yẹn mọ̀ pé àyè "àfi" yẹn ṣì wà ní ṣíṣí, pé àwọn kan sì ti ka iye ìbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá, ní ti ọdún márùn-ún tí ẹ kà, mi ò ní èsì.

Màmá Drogheda:

Akọ̀wé, o ṣeun tí o kò fi ọ̀rọ̀ bò ó. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yẹn mú mi rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀, nítorí mo ní irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní abala abala. Kí ẹni náà má gbàgbé ẹni tó dúró nínú òjò ni mo ń wí.

Bàbá Tèmídayọ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. O ní ọmọbìnrin rẹ ni a bí sí Ìbàdàn. Òun ńkọ́? Òfin ọdún mẹ́ta yìí kò kàn án. Bóyá o ti tó gba tìẹ, kó o lè fi tìẹ gbà fún un?

Bàbá Tèmídayọ̀:

Ẹ ṣé, Màmá. Mo ti fi ìwé tèmi ránṣẹ́, a ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni o, àbúrò rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ Ireland, òun kò tíì jẹ́.

Lálẹ́ àná, mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpele ìgbìmọ̀ kan bí Olùkọ́ ṣe ní kí n ṣe. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti kọsẹ̀, nítorí èdè Irish wà káàkiri inú rẹ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe "Cathaoirleach" tí wọ́n kọ síwájú ẹni tó ń darí ìjókòó. Tèmídayọ̀ gbọ́ mi láti orí tábìlì tó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní "Ka-híà-lakh ni, Dádì, alága ni ó túmọ̀ sí." Ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ń ka gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ Irish fún mi, èmi ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, títí ìyàwó mi fi ní ilẹ̀ ti ṣú, kí ọmọ lọ sùn.